Ẹṣin tí ó Já Ìjánu: Ọ̀rọ̀ lórí Ẹ́ńjìnnì Dísẹ́ẹ̀lì tí ń Sá Eré Àsápajúdé

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀ tí ilẹ̀ sì ti dẹ̀, kò sí oko ńlá kan tí a kì í gbọ́ ìró ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì nínú rẹ̀. Òun ni ó ń fa katakata tí ń túlẹ̀. Òun ni ó ń ti katapílà tí ń la ọ̀nà. Òun náà ni ó ń yí ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́ àti èyí tí ń lọ àgbàdo ní abúlé. Ìránṣẹ́ rere ni. Kì í jẹ epo púpọ̀, ó sì lè ṣiṣẹ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́ láìráhùn. Ṣùgbọ́n àrùn kan wà tí ó lè kọlu ìránṣẹ́ yìí. Kì í ṣe é nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ó bá ṣe é, ìṣẹ́jú díẹ̀ tó láti ba èrè ọ̀pọ̀ ọdún jẹ́, ó sì lè gba ẹ̀mí ènìyàn pẹ̀lú. Àrùn náà ni eré àsápajúdé: ẹ́ńjìnnì á bẹ̀rẹ̀ sí í yí kọjá ìwọ̀n tí a dá fún un, ẹni tí ó ni ín á sì pa á tì.

Ẹ jẹ́ kí a ro ó báyìí. Ọkùnrin kan ń fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lọ àgbàdo fún àwọn obìnrin abúlé. Lójijì ni ìró ẹ́ńjìnnì yí padà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í han gooro, èéfín sì bo gbogbo àyíká. Ọkùnrin náà sáré fa ọwọ́ irin tí a fi ń pa ẹ́ńjìnnì, kò gbọ́. Ó ti ẹnu táǹkì epo, síbẹ̀ kò gbọ́. Ó wá rò nínú ara rẹ̀ pé kí òun bọ́ bẹ́líìtì ọlọ kúrò, bóyá ara yóò rọ̀ ọ́. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, èyí tí ó burú jù lọ ni ó ṣe yẹn. Kí ni ó fà á tí a fi gba epo lẹ́nu ẹ́ńjìnnì tí ó sì tún ń sáré? Ẹni tí ó bá mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí ti mọ gbòǹgbò ọ̀ràn náà.

BÍ A ṢE DÁ A

Rudolf Diesel, ọmọ Jámánì tí a bí ní ìlú Paris ní 1858, ni ó ronú ẹ́ńjìnnì yìí. Ní ìlú Augsburg, ní 1897, ni ó sì fi èyí tí ó ṣiṣẹ́ dáadáa han ayé. Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù ní púlọ́ọ̀gì tí ń ṣáná sí epo rẹ̀. Bí a bá ti mú iná náà kúrò, ẹ́ńjìnnì á kú. Ti Diesel kò rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ nìkan ni písítìnì rẹ̀ ń fà wọlé, tí ó sì ń há a mọ́lẹ̀ títí ibi tí ó gbà yóò fi kù bí ìdá kan nínú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí nínú ogún. Ẹni tí ó bá ti fi pọ́ǹpù ọwọ́ fẹ́ táyà kẹ̀kẹ́ rí mọ̀ pé ìdí pọ́ǹpù a máa gbóná. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni afẹ́fẹ́ tí a há yìí ń gbóná, títí ìgbóná rẹ̀ yóò fi ju 500 lọ lórí ìwọ̀n Celsius. Epo tí nọ́súlù bá fọ́n sínú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ a gbiná fúnra rẹ̀, láìsí ẹni tí ó ṣáná sí i.

Ẹ wo ohun tí èyí já sí. Ẹ́ńjìnnì náà ni ó ń dá ìgbóná rẹ̀ sílẹ̀, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti ń yí. Afẹ́fẹ́ ń wọlé tọ̀ ọ́ wá, ní ọ̀pọ̀ jù lọ láìsí ilẹ̀kùn kankan tí ó dí i. Nítorí náà, ohun kan ṣoṣo ni a fi ń kó o níjàánu, èyíinì ni ìwọ̀n epo tí a ń fún un. Bí epo bá pọ̀, yóò sáré. Bí epo bá dín, yóò rọra. Bí epo bá tán, yóò dúró.

Ẹni tí ń wọn epo náà ni a ń pè ní gọ́fánọ̀. Ọgbọ́n rẹ̀ ti pẹ́ ju ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì lọ, nítorí James Watt ti fi irú rẹ̀ sí ẹ̀rọ tí ń fi ooru omi ṣiṣẹ́ láti 1788. Irin wúwo méjì ni ó ń yí pọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ. Bí ẹ̀rọ bá sáré jù, irin méjèèjì á ṣí sí ẹ̀gbẹ́, bí apá ẹni tí ń jó àjóyí, wọn á sì fa epo sẹ́yìn. Bí ẹ̀rọ bá rọ̀ jù, sípíríìnì á tì wọ́n padà, epo á sì pọ̀ sí i. Nínú ẹ̀rọ ìgbàlódé, kọ̀ǹpútà kékeré ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí: sẹ́ńsọ̀ ń ka eyín kẹ̀kẹ́ tí ń kọjá níwájú rẹ̀, kọ̀ǹpútà sì ń pín epo gẹ́gẹ́ bí iye tí ó kà.

Ìwọ̀n eré kò dọ́gba fún gbogbo ẹ́ńjìnnì. Àwọn ẹ́ńjìnnì ìlọta àtijọ́ irú Lister ń yí ní 600 tàbí 650 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pọ̀ jẹnẹrétọ̀ ńlá ń yí ní 1,500. Ọ̀pọ̀ katakata oko kì í sì í kọjá nǹkan bí 2,000 sí 2,500. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé bí èyí tí ń yí ní 2,000 bá yí ní 4,000, ìyọnu rẹ̀ di ìlọ́po méjì péré. Ipá tí ń fa ọ̀pá písítìnì àti kẹ̀kẹ́ wúwo rẹ̀ ya di ìlọ́po mẹ́rin. Ìdí nìyí tí kẹ̀kẹ́ irin fi lè fọ́ bí ìkòkò, tí àfọ́kù rẹ̀ á sì fò bí ọta ìbọn.

Ọ̀NÀ MẸ́RIN TÍ ÌJÁNU FI Ń JÁ

Ní àkọ́kọ́, ìjánu náà lè bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Omi tàbí ìdọ̀tí inú epo lè mú kí irin tí ń wọn epo nínú pọ́ǹpù dípẹtà, kí ó sì há síbi tí epo ti pọ̀ jù lọ. Ọ̀pá tí ó so gọ́fánọ̀ mọ́ pọ́ǹpù lè kán, tàbí kí ẹni tí ó tún un ṣe dè é sódì. Ẹlòmíràn sì wà tí ó jẹ́ pé ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi já èdìdì tí àwọn tí ó ṣe ẹ̀rọ fi sí ìdè gọ́fánọ̀, tí ó sì yí i sókè kí ọlọ rẹ̀ lè yára jù ti aládùúgbò lọ. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ tú ìjánu lẹ́nu ẹṣin, ó sì tún gun ẹ̀yìn rẹ̀.

Ní ìkejì, ẹ́ńjìnnì lè rí oúnjẹ tí a kò fi fún un. Èyí ni ìdáhùn ìbéèrè tí a bi níṣàájú. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kò mọ epo olówó rẹ̀ yàtọ̀. Ohunkóhun tí ó lè jó, tí ó bá bá afẹ́fẹ́ wọlé, yóò jó o, yóò sì fi sáré. Oúnjẹ àjèjì tí ó wọ́pọ̀ jù ni ọ́ìlì tirẹ̀ gan-an. Bí rínǹgì písítìnì bá ti jẹ, iná tí ń jó lókè á máa fẹ́ wá sísàlẹ̀ sínú ikùn ẹ́ńjìnnì, á sì máa gbé ọ́ìlì bí ìkùukùu gba ihò ìmí lọ sí ọ̀nà afẹ́fẹ́. Bí ẹ́ńjìnnì bá ní tọ́bò tí ń ti afẹ́fẹ́ sínú rẹ̀, tí síìlì tọ́bò náà sì ti jẹ, ọ́ìlì á máa ṣàn bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí a bá bu ọ́ìlì kọjá àmì orí géèjì, tàbí tí a bu ú kún àwo asẹ́ afẹ́fẹ́ tí ń lo ọ́ìlì, ọ̀nà kan náà ni yóò gbà. Nọ́súlù tí ń jò pẹ̀lú lè da epo dísẹ́ẹ̀lì sínú ọ́ìlì, kí ọ́ìlì náà ki pọ̀ lójú géèjì, ṣùgbọ́n kí ó ṣàn bí omi.

Ibi tí ó burú sí nìyí: bí ó bá ti ń sáré sí i ni ó ń fa ọ́ìlì sí i, bí ó bá sì ti ń fa ọ́ìlì sí i ni ó ń sáré sí i. Gọ́fánọ̀ ti pa epo pátápátá, ó ti ṣe gbogbo iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ti wá oúnjẹ síta. Kò ní í dúró títí ọ́ìlì náà yóò fi tán, tàbí títí yóò fi fọ́.

Gáàsì tí ń rà bàbà lójú afẹ́fẹ́ jẹ́ oúnjẹ àjèjì pẹ̀lú. Ní ọjọ́ 23 oṣù Mẹ́ta, ọdún 2005, ní ilé ìfọpo kan ní ìlú Texas City ní Amẹ́ríkà, epo tí a dà kún ọpọ́n gíga kan láìmọ̀wọ̀n ru jáde, ìkùukùu rẹ̀ sì tàn ká ilẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kékeré kan tí ń lo dísẹ́ẹ̀lì dúró nítòsí, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Nígbà tí ó fa ìkùukùu náà símú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láìsí ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́. Láìpẹ́, gbogbo ibẹ̀ gbiná. Ènìyàn 15 kú, 180 sì fara pa. Àwọn olùwádìí ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé ó jọ pé ọkọ̀ náà ni ó tan iná ọ̀hún. Nítorí náà, bí táńkà epo bá ṣubú sí ojú ọ̀nà, kí awakọ̀ katakata tàbí akẹ́rù má ṣe wa ọkọ̀ rẹ̀ wọ inú òórùn epo náà, kí ó má sì ṣe fi ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sílẹ̀ ní títàn nítòsí ibẹ̀.

Ní ìkẹta, ẹrù lè máa lé ẹ́ńjìnnì. Ẹ wo katakata tí ó fa ọkọ̀ ẹrù kíkún sọ̀kalẹ̀ ní òkè Èkìtì. Ẹ́ńjìnnì kọ́ ni ó ń yí ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ ni ó ń yí ẹ́ńjìnnì. Gọ́fánọ̀ kò rí nǹkan ṣe sí èyí, nítorí ó ti pa epo, ìwúwo ẹrù sì ni ó ń sáré. Bí awakọ̀ bá tún sọ jíà kalẹ̀ lójijì lórí eré, eré ẹ́ńjìnnì á fò sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ìkẹrin, ó lè jẹ́ pé aago ni ó ń parọ́. Bí ìdọ̀tí tàbí ẹ̀ha irin bá lẹ̀ mọ́ ẹnu sẹ́ńsọ̀, tàbí tí wáyà rẹ̀ bá bó, kọ̀ǹpútà lè kígbe pé ẹ́ńjìnnì ń sáré jù nígbà tí ìró rẹ̀ kò yí padà rárá. Etí awakọ̀ tí ó mọ ẹ̀rọ rẹ̀ ni ẹlẹ́rìí ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ A Ó ṢE NÍ WÁKÀTÍ NÁÀ

Àwọn àgbà ní bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Kí ẹni tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ bá ń sá lọ kọ́kọ́ kígbe sí àwọn ènìyàn kí wọn sá sẹ́yìn, ní pàtàkì àwọn tí ó wà ní ọ̀kánkán kẹ̀kẹ́ wúwo, fáànù àti bẹ́líìtì. Kí ó fa ọwọ́ irin tí ń pa epo lẹ́ẹ̀kan. Bí ẹ́ńjìnnì kò bá gbọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ó má ṣe dúró máa fà á. Kí ó má sì gbẹ́kẹ̀lé pé òun ti ti ẹnu táǹkì, nítorí epo ṣì wà nínú okùn àti nínú asẹ́, ó sì lè jẹ́ pé epo kọ́ ni ó ń jẹ.

Ohun kan ṣoṣo tí kò lè rí jẹ níbòmíràn ni afẹ́fẹ́. Nítorí náà, kí a dí ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀. Pákó pẹlẹbẹ tí ó nípọn, tí ó sì fẹ̀ ju ẹnu ihò náà lọ, tàbí irin pẹlẹbẹ, ni kí a fi bò ó pinpin. Kí a má ṣe lo àtẹ́lẹwọ́, nítorí agbára tí ẹ́ńjìnnì fi ń fà á lè ṣe ọwọ́ ní ibi. Kí a má sì ṣe lo aṣọ, nítorí yóò gbé e mì. Àwọn ẹ̀rọ ńlá kan ní ilẹ̀kùn irin tí a dá fún èyí ní ọ̀nà afẹ́fẹ́ wọn, tí ó jẹ́ pé a kàn ń fa okùn rẹ̀ ni. Ohun ìpaná tí ń tú gáàsì carbon dioxide, bí a bá fọ́n ọn sí ihò náà, lè pa á pẹ̀lú. Nígbà tí ó bá kú, kí a má ṣe mú pákó kúrò títí gbogbo rẹ̀ yóò fi dúró jẹ́jẹ́, tí ọwọ́ epo yóò sì wà ní títì.

Ẹ kíyè sí èyí gidigidi: a kò gbọdọ̀ bọ́ ẹrù kúrò lára ẹ́ńjìnnì tí ń sá lọ. Ọlọ tí ń lọ àgbàdo, ohun ìtúlẹ̀ tí ó wọ ilẹ̀, àwọn ni wọ́n ń fà á sẹ́yìn. Bí a bá bọ́ bẹ́líìtì tàbí tí a tẹ kílọ́ọ̀ṣì, ohun tí ó kù tí ó dì í mú ti lọ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ ọkọ̀ oní-jíà ọwọ́ ni, tí ó sì dúró, awakọ̀ lè tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ gbọingbọin, kí ó fi sí jíà tí ó ga jù, kí ó sì jọ̀wọ́ kílọ́ọ̀ṣì lójijì, kí ẹ́ńjìnnì lè kú sábẹ́ ẹrù. Ní ti ẹni tí ń sọ̀kalẹ̀ òkè, bíréèkì ni ìrànlọ́wọ́ rẹ̀. Kí ó sì ti yan jíà tí ó rẹlẹ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kalẹ̀, kì í ṣe ní agbede-méjì.

Bí a kò bá rí ihò afẹ́fẹ́ dí, kí gbogbo ènìyàn sá jìnnà. A lè ra ẹ̀rọ mìíràn. A kì í ra ẹ̀mí lọ́jà.

BÍ A ṢE Ń WÁ ÌDÍ RẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe tún ẹ́ńjìnnì náà tàn láti wò ó bóyá yóò tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mẹkáníìkì rere yóò bi ni pé: kí ni ó dá a dúró? Bí ó bá jẹ́ pé nígbà tí a pa epo ni ó kú, kí a wá ẹ̀bi lọ sí pọ́ǹpù, gọ́fánọ̀ àti àwọn ọ̀pá tí ó so wọ́n pọ̀. Bí ó bá jẹ́ pé nígbà tí a dí afẹ́fẹ́ nìkan ni ó kú, oúnjẹ àjèjì ni. Kí a wo géèjì ọ́ìlì bóyá ó ga jù tàbí ó ń rùn bí dísẹ́ẹ̀lì, kí a tú ọpọ́n afẹ́fẹ́ wò bóyá ọ́ìlì wà nínú rẹ̀, kí a di ọ̀pá tọ́bò mú bóyá ó ń mì, kí a sì wo ihò ìmí. Bí ó bá rọlẹ̀ nígbà tí òkè tán, ọ̀nà ìwakọ̀ ni kí a tún ṣe. Bí ó bá sì jẹ́ pé aago nìkan ni ó kígbe, kí a nu sẹ́ńsọ̀, kí a wo wáyà rẹ̀.

Bí a tilẹ̀ ti rí ìdí rẹ̀, iṣẹ́ kò tíì tán. Ẹ́ńjìnnì tí ó ti sá kọjá ìwọ̀n lè ti tẹ fáfù, ó lè ti na bóòtù ọ̀pá písítìnì, ó sì lè ti sán kẹ̀kẹ́ wúwo rẹ̀ láìhàn sí ojú. Kí a yẹ gbogbo wọn wò. Ní ọjọ́ tí a óò tàn án lẹ́yìn àtúnṣe, kí ẹnìkan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò afẹ́fẹ́ pẹ̀lú pákó lọ́wọ́.

OJÚ LALÁKÀN FI Ń ṢỌ́RÍ

Lóòótọ́, ojijì ni ẹ́ńjìnnì fi ń sá lọ, ṣùgbọ́n ó máa ń ti pẹ́ tí ó ti ń kìlọ̀. Ọ́ìlì tí ń dín láìsí ibi tí ó ń jò sí, ìkìlọ̀ ni. Èéfín aláwọ̀ búlúù, ìkìlọ̀ ni. Ihò ìmí tí ń rú túú bí ààrò, ìkìlọ̀ ni. Eré tí ń lọ sókè sódò fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹrù kò yí padà, ìkìlọ̀ ni. Láti kékeré ni a ti í pa ẹ̀kàn ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Owó rínǹgì àti síìlì kò tó owó ẹ́ńjìnnì, owó ẹ́ńjìnnì kò sì tó apá ọmọ ènìyàn.

Nítorí náà, ní òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan kí a tó tàn án, kí a wo géèjì, kí ọ́ìlì má ṣe kọjá àmì òkè, kí ó má sì ṣe rẹlẹ̀ ju àmì ìsàlẹ̀ lọ. Kí a máa tú omi kúrò nínú asẹ́ epo. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan èdìdì gọ́fánọ̀ àfi ẹni tí ó mọ̀ ọ́n. Kí olúkúlùkù tí ó ní ẹ́ńjìnnì wá ihò afẹ́fẹ́ rẹ̀ rí lónìí, nígbà tí ara rọ̀ ọ́n, kí ó gé pákó tí ó bá ẹnu rẹ̀ mu, kí ó lu ihò sí i, kí ó sì fi okùn gbé e kọ́ sára ògiri níbi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o. Kí ó fi han ìyàwó rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ àti ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, kí ó sì sọ ohun tí ó wà fún un fún wọn. Ó lè wà níbẹ̀ fún ogún ọdún láìní iṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí ẹṣin bá já ìjánu, pákó yẹn ni yóò dá a dúró.